Irin Onírántí àti Ohun Tí Ìrọ-Tútù Ń Ṣe sí Ètò Inú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá mú wáyà bàbà kan tí ó tọ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, wáyà náà kò ní í tọ́ mọ́ àfi bí a bá tún fi ọwọ́ tàbí òòlù nà án. A lè tì í bọ omi gbígbóná, a lè fi í sínú iná, kò ní í rántí pé òun ti tọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe irin tí aráyé mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ìrísí tí alágbẹ̀dẹ fún un gbẹ̀yìn ni ó ń mú. Ṣùgbọ́n irú irin kan wà ní ayé òde òní tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó tutù, tí a sì fi ìwọ̀nba ooru kàn án, yóò na ara rẹ̀, yóò sì padà sí ìrísí tí a ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe lè pè é ní irin onírántí.

Kí ó yé wa pé kì í ṣe irin tí a fi ń rọ ọkọ́ àti àdá nìkan ni mo ń pè ní irin níhìn-ín. Bàbà, idẹ, fàdákà, òjé àti gbogbo ẹbí wọn ni ọ̀rọ̀ náà kó mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàárín irin onírántí àti iṣẹ́ òòlù. Àwọn tí ń ṣe irin yìí kì í ṣàì rọ ọ́ ní tútù: wọn a fà á, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọn a lù ú láìfi iná sí i, títí yóò fi di wáyà tàbí páànù tín-ín-rín. Iṣẹ́ yìí ni mo pè ní ìrọ-tútù. Ó ń da ètò inú irin náà rú, ó sì lè pa ìrántí rẹ̀ run. Síbẹ̀, irin onírántí tí ipa ìrọ-tútù kò sí lára rẹ̀ rárá kò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ tí ó le. Báwo ni ohun tí ń ba ìrántí jẹ́ ṣe tún di ohun tí ń mú un dúró? Kí a tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, a níláti mọ bí a ṣe rí irin náà, kí a sì wo inú rẹ̀.

Bí a ṣe rí irin náà

Ní ọdún 1932, Arne Ölander, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣàkíyèsí ìwà àjèjì kan nínú àdàpọ̀ wúrà àti kádíọ́ọ̀mù. Ní ọdún 1951, Chang àti Read ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé síi lórí àdàpọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ni wúrà, májèlé sì ni kádíọ́ọ̀mù, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò tètè kúrò nínú yàrá ìwádìí.

Èyí tí ó di ohun ìlò aráyé ni àdàpọ̀ níkẹ́ẹ̀lì àti títáníọ́ọ̀mù, tí William J. Buehler bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò ní ọdún 1959 ní ilé ìwádìí ohun ìjà ti ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní White Oak, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Irin tí yóò lè fara da ooru ńlá ní imú rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ń wá kiri. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọ̀pá irin náà tí ó ti tutù bá kọlu ilẹ̀, ìró rẹ̀ a kú bí ìró òjé, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì gbóná a máa dún gbanran bí agogo. Irin kan náà ni, ohùn méjì ni. Ó hàn sí i pé ètò inú irin náà ń yí padà bí ooru rẹ̀ ti ń yí padà.

Ní ọdún 1961, níbi ìpàdé kan ní ilé ìwádìí náà, a gbé páànù tín-ín-rín kan tí a ti ṣẹ́ po léraléra fún àwọn ọ̀gá wò. Ọ̀kan nínú wọn, David Muzzey, tí ó máa ń mu ìkòkò tábà, mú iná tí ó fi ń tan ìkòkò rẹ̀, ó fi kan páànù náà, páànù náà sì na ara rẹ̀ tọ́ lójú gbogbo wọn. Frederick E. Wang, tí ó dara pọ̀ mọ́ Buehler lẹ́yìn èyí, ni ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí bí átọ̀mù inú irin náà ti ń tún ara wọn tò. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Nitinol, tí a fa yọ láti inú orúkọ irin méjèèjì àti orúkọ ilé ìwádìí náà.

Ètò inú Nitinol

Átọ̀mù ni a fi kọ́ gbogbo irin, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Átọ̀mù wọ̀nyí kì í wà ní rúdurùdu. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìtò kan náà ni ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ sí òkè, sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́. Irú ìtò bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní kírísítà.

Nígbà tí Nitinol bá gbóná, ìtò rẹ̀ dàbí àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba: átọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, átọ̀mù títáníọ́ọ̀mù kan sì wà ní àárín gbùngbùn. Gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìdá 3 nínú mílíọ̀nù 10 mílímítà kan. Orúkọ ìtò yìí ni ọ́sítínáìtì, tí a fi ń rántí Roberts-Austen, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí irin náà bá tutù, àpótí náà a fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, igun tí ó jẹ́ 90° tẹ́lẹ̀ a sì di nǹkan bí 97°. Ìtò yìí ni mátínsáìtì, tí a fi ń rántí Adolf Martens, ọmọ Jámánì. Orí irin líle ni a ti kọ́kọ́ lo orúkọ méjèèjì kí a tó lò wọ́n fún Nitinol.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé nígbà tí àpótí bá fì, kò sí átọ̀mù kan tí ó fi aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Ó dàbí ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ ní kí wọ́n tẹ̀ sí ọ̀tún. Olúkúlùkù tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n nàró, olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀.

Ọ̀nà 12 ni àpótí náà lè gbà fì nígbà tí irin bá tutù. Àwọn tí ó wà nítòsí ara wọn a máa fì sí ọ̀nà tí ó kọjú síra, nítorí náà ìrísí irin náà lóde kò yí padà. Bí a bá wá tẹ̀ ẹ́, àwọn tí ó fì sí ọ̀nà tí kò bá agbára wa mu a yí, wọn a sì fì sí ọ̀nà tí ó bá a mu. Báyìí ni irin náà ṣe ń tẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti nàró. Nígbà tí ooru bá dé, gbogbo wọn a padà sí ipò kan náà, ìrísí àtijọ́ a sì padà pẹ̀lú wọn. Ìrántí irin náà kò ju èyí lọ. Ó ní ààlà: bí a bá na irin náà ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gígùn rẹ̀ lọ, kò ní í lè padà tán.

A sì tún lè pò ó lọ́nà tí yóò fi jẹ́ ọ́sítínáìtì ní ooru ara ènìyàn tàbí ní ooru ojoojúmọ́. Irú èyí kò nílò iná láti rántí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, agbára ọwọ́ wa ni yóò mú kí àpótí fì. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò nàró lójú ẹsẹ̀. A óò máa pe èyí ní ìwà rọ́bà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni.

Ọ̀nà kejì tí irin ń gbà tẹ̀

Fífì kọ́ ni ọ̀nà tí irin gbogbo ń gbà tẹ̀. Nínú bàbà, idẹ àti irin alágbẹ̀dẹ, ọ̀wọ́ átọ̀mù kan ń yọ̀ kọjá lórí èkejì, wọ́n sì ń di aládùúgbò ẹlòmíràn. Nígbà tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí yóò sọ fún átọ̀mù kan pé ibòmíràn ni ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Irin náà ti gbàgbé.

Ní ọdún 1934, Taylor, Orowan àti Polanyi, láìjọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣàlàyé bí yíyọ̀ yìí ti ń wáyé. Kì í ṣe gbogbo ọ̀wọ́ ni ó ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fẹ́ sún aṣọ ńlá tí ó wúwo tí a tẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni láti fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé etí rẹ̀ kan sókè di ìṣẹ́po, tí a sì ń ti ìṣẹ́po náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí kejì, aṣọ náà ti sún. Irú ìṣẹ́po bẹ́ẹ̀ wà láàárín ọ̀wọ́ átọ̀mù, níbi tí ọ̀wọ́ kan ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní dislocation; èmi yóò máa pè é ní ìyẹsẹ̀.

Nínú irin tí ó rọ̀, iye ìyẹsẹ̀ tí ó la ojú ibi tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lè jẹ́ láti mílíọ̀nù 1 dé mílíọ̀nù 100. Lẹ́yìn ìrọ-tútù, ó lè di bílíọ̀nù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a dí ara wọn lọ́nà, bí ọkọ̀ ti ń dí ara wọn lọ́nà ní ìkóríta tí kò sí ọlọ́pàá, irin náà a sì le. Olùkọ́ lè fi wáyà bàbà han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, yóò máa le síi. Bí a bá fi í sínú iná títí ó fi pọ́n, tí a sì jẹ́ kí ó tutù, yóò tún rọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà àti idẹ ti mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyí tí iṣẹ́ wọn kì í fi jìnnà sí ẹwìrì.

Ohun tí ìrọ-tútù ń ṣe sí Nitinol

Nígbà tí a bá fa wáyà Nitinol gba inú ihò tí ó kéré jù ú lọ, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àpótí a fì sí ọ̀nà tí agbára ń darí wọn sí. Títí dé ìhín, kò sí ìpalára. Bí a ti ń fà á síi, àyè àtifì a tán, yíyọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹsẹ̀ a pọ̀, irin náà a le koko. Kò ní í pẹ́ tí a óò fi níláti dá a padà sínú iná kí ó má baà ṣẹ́, nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti dín kù ní nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100.

Ohun mẹ́ta ni èyí ń ṣe sí ètò inú rẹ̀. Èkíní, àwọn ìyẹsẹ̀ a di mátínsáìtì mú, kò ní í lè nàró. Ooru tí ó tó láti mú un padà tẹ́lẹ̀ kò ní í tó mọ́. Èkejì, ìyípadà náà kò ní í wáyé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ibi kan yóò fẹ́ yí níhìn-ín, ibòmíràn yóò kọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun èlò tí a fi ń wọn ooru tí irin ń gbà tàbí tí ó ń tú jáde kò ní í rí àmì tí ó ṣe kedere. Ẹ̀kẹta, bí ìrọ náà bá pọ̀ rékọjá, hóró kírísítà a fọ́ wẹ́wẹ́ títí wọn yóò fi kéré ju ìdá 1 nínú 10,000 mílímítà kan lọ, ní ibòmíràn ìtò náà a sì dàrú bí ti gíláàsì, tí kò ní ọ̀wọ́ kankan. Hóró tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í rí àyè fì, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ há a mọ́ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ níhìn-ín. Wáyà tí a rọ tó bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ìrántí ti kúrò lára rẹ̀.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. A óò de wáyà náà mọ́ ara ohun tí ó ní ìrísí tí a fẹ́, a óò sì tì í bọ ààrò. Nítòsí 400°C sí 500°C, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá tí ó dàrú bí gíláàsì a tún tò di kírísítà. Ìyẹsẹ̀ púpọ̀ a pa ara wọn rẹ́, àwọn tí ó kù a sì tò létòlétò. Ọ̀nà ṣí fún àpótí láti fì kí ó sì nàró, ìrántí a sì padà dé. Ìrísí tí ó wà nínú ààrò yìí ni yóò sì máa rántí. Ìyẹsẹ̀ tí ó kù tún ní àmì mìíràn tí a fi ń mọ̀ ọ́n: nígbà tí irin náà bá ń tutù, kì í ti ọ́sítínáìtì bọ́ sí mátínsáìtì tààrà mọ́, ìtò kẹta kan tí a ń pè ní R a máa kọ́kọ́ yọjú, nítorí pé fífì tirẹ̀ kéré, ìyẹsẹ̀ kò sì lè dí i lọ́nà tó bẹ́ẹ̀.

Bí ooru ààrò bá wá ga jù, tí ó dé 700°C tàbí 800°C, hóró titun ńláńlá a hù, ìyẹsẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, irin náà a sì rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé èyí ni ó dára jù lọ, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìpalára ti kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ìpalára fi di ìrànlọ́wọ́

Nígbàkúùgbà tí a bá ti agbára sí Nitinol, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un: kí ó fì, tàbí kí ó yọ̀. Èyí tí agbára díẹ̀ tó fún ni yóò ṣe. Bí ó bá fì, yóò padà. Bí ó bá yọ̀, ó ti gbàgbé. Nínú irin tí a sun títí ìyẹsẹ̀ rẹ̀ fi tán, ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ó ti ń fì ni ó ń yọ̀ díẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í padà dé ibi tí ó ti kúrò gan-an. Àṣìṣe kékeré wọ̀nyí a máa kó jọ, títí irin náà yóò fi ṣákìí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti rọ ọ́ ní tútù, tí a sì fi ooru ìwọ̀nba tù ú lára, ìyẹsẹ̀ tí ó kù tí ó tò létòlétò ti di ọgbà tí ń dènà yíyọ̀. Agbára ńlá ni yóò tó kí ọ̀wọ́ átọ̀mù tó lè yọ̀, nígbà tí fífì ṣì rọrùn. Irin náà kò ní yíyàn ju kí ó fì lọ, bí ó bá sì ti fì, yóò padà. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ díẹ̀ ju títáníọ́ọ̀mù lọ, hóró kéékèèké tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú wọn a tún yọ jáde nínú ààrò, wọn a sì ran ọgbà náà lọ́wọ́. Nínú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Òòlù tí ó da ètò rú ni ó pèsè ohun tí iná fi tún ètò náà ṣe ní líle.

Wáyà eyín àti iṣan ẹ̀jẹ̀

Ìtàn wáyà tí a fi ń to eyín fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní àwọn ọdún 1970, George Andreasen ní Yunifásítì Iowa wà lára àwọn tí ó mú Nitinol wọ inú iṣẹ́ dókítà eyín. Wáyà tí a kọ́kọ́ ń tà fún iṣẹ́ yìí ti gba ìrọ-tútù púpọ̀, mátínsáìtì inú rẹ̀ ti há, kò sì ní ìrántí tàbí ìwà rọ́bà tí ó jẹ́ ẹ̀bùn irin náà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ó rọ̀ ju wáyà irin tí kì í dípẹtà lọ. Ní ọdún 1985, Charles Burstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa wáyà irú kejì tí ó wá láti ilẹ̀ China, nígbà tí ó sì di ọdún 1986, Fujio Miura àti àwọn tirẹ̀ kọ̀wé nípa ti ilẹ̀ Japan. Nínú àwọn wọ̀nyí, ètò inú irin ṣì lè yí. Nígbà tí eyín bá ń sún bọ̀ sípò, agbára wáyà náà kì í tètè dín kù, kò sì níláti pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ànfààní ńlá ni èyí fún ọmọdé tí ó wà lórí àga dókítà, nítorí agbára àpọ̀jù a máa pa gbòǹgbò eyín lára.

Ọ̀rọ̀ náà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá fún, dókítà lè ti ọ̀pá kékeré oníhò bí àwọ̀n, tí a ń pè ní sítẹ́ǹtì, sínú rẹ̀. A óò ká èyí tí a fi Nitinol ṣe mọ́ inú ọ̀pá tóóró; nígbà tí ó bá dé ibi tí a rán an, tí a sì tú u sílẹ̀ nínú ooru ara tí ó jẹ́ 37°C, yóò ṣí ara rẹ̀, yóò sì gbé iṣan náà ró. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ìsinmi mọ́. Láàárín ọdún 10, ọkàn ènìyàn a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 400 mílíọ̀nù, ìlù kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ irin náà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣan itan ni, ìrìn àti ìjókòó tún ń fún un, wọ́n sì ń lọ́ ọ. Àwọn dókítà ti rí i pé irú èyí a máa ṣẹ́ nígbà mìíràn. Kì í ṣe ìrọ nìkan ni ó ń fà á, nítorí ìdọ̀tí kékeré inú irin náà lè jẹ́ ibi tí ìsán ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe irin náà níláti mọ ìwọ̀n ìrọ àti ìwọ̀n iná. Bí ìyẹsẹ̀ bá ṣẹ́ kù jù, kò ní í lè ṣí dáadáa. Bí a bá sun wọ́n tán, yóò ṣákìí níbi tí ọwọ́ kò lè tó o mọ́.

Ìwọ̀n náà kò gba àìbìkítà. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá fi ìdá kan péré nínú 1,000 átọ̀mù yí padà, ooru tí irin náà fi ń nàró lè yẹ̀ ní nǹkan bí 10°C. Ìyẹn nìkan lè ya irin tí ó wúlò nínú ara ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò wúlò. Ìrọ-tútù àti ààrò ni a ń lò lẹ́yìn èyí láti mú irin náà dé ibi tí a fẹ́.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ pé irin kan ní ìrántí, kí ó má ṣe rò pé ẹ̀mí kan ni ó wà nínú rẹ̀. Átọ̀mù ni, tí wọ́n di aládùúgbò wọn mú nígbà tí agbára dé. Kí wọ́n lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí lọ, ẹni tí ó rọ irin náà ti kọ́kọ́ da ètò wọn rú dé ìwọ̀n, ó ti fi iná tún un ṣe dé ìwọ̀n, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró.